Àwòrán MRI fún Àìsàn Orí àti Ọrùn: Ohun tí ó Yẹ kí a Bèèrè kí a tó Yá Owó

(Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ìpàta, Ìlọrin)

 

Ọ̀rọ̀ èlé, ọ̀rọ̀ ìpín àti ọ̀rọ̀ onídùúró ni a sábà máa ń bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ tòní yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó náà ni. Nínú ẹ̀yáwó tí ọmọ ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ gbà ní wàràwàrà, ti àìsàn wà níbẹ̀, owó àwòrán MRI kì í sì í ṣe owó kékeré. Bí dókítà bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, ẹbí aláìsàn á sáré wá sọ́dọ̀ ẹgbẹ́, àwọn onídùúró á fọwọ́ sí i, owó á jáde. Ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwòrán tí wọ́n yà kò dáhùn ìbéèrè tí dókítà ń bèèrè, ni wọ́n bá ní kí wọ́n lọ ya òmíràn. Ẹ̀yáwó kejì nìyẹn lórí àìsàn kan ṣoṣo, kókó ọrùn kì í sì í dúró de ẹni tó ń wá owó.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ mú ohun kan lọ sílé lónìí: MRI kì í ṣe àwòrán kan. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà yà á nínú ẹ̀rọ kan náà. Ohun tí ọ̀nà kan fi hàn kedere, òmíràn lè bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí á mọ ohun tí yóò bèèrè kí ó tó sanwó. Abèèrè kì í ṣìnà.

KÍ NI Ẹ̀RỌ NÁÀ Ń ṢE?

Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ MRI. Tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ Tesla 1.5, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá káàkiri àgbáyé, agbára rẹ̀ tó ìlọ́po 30,000 agbára òòfà ilẹ̀ ayé tí ń yí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì. Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa, hydrogen sì wà nínú omi àti nínú ọ̀rá. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, òòfà á to hydrogen wọ̀nyí sí ìlà. Ẹ̀rọ á fi ìgbì rédíò tì wọ́n kúrò lórí ìlà. Bí ìgbì náà bá ti dákẹ́, wọn á máa padà sí àyè wọn, wọn á sì máa fọhùn bí wọ́n ti ń padà. Ti inú ọ̀rá kì í padà ní ìwọ̀n àkókò kan náà pẹ̀lú ti inú omi tàbí ti inú iṣan. Kọ̀ǹpútà ló ń gba ohùn wọn tí ó sì ń sọ ọ́ di àwòrán. Kò sí ìtànṣán X-ray nínú rẹ̀ rárá.

Ní 1971, Raymond Damadian ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé àkókò ìpadà yìí yàtọ̀ láàárín kókó jẹjẹrẹ ara eku àti ẹran ara tí ó dá. Ní 1973, Paul Lauterbur fi hàn bí a ti lè fi í ya àwòrán, Peter Mansfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wá ọ̀nà tí ó mú un yára. Lauterbur àti Mansfield ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní 2003. Nígbà tí Damadian kọ́kọ́ ya àwòrán àyà ènìyàn ní 1977, ó gbà á ní nǹkan bí wákàtí 5. Lónìí, ti orí àti ọrùn sábà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan.

Ẹ̀yin alápatà wa ni ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé. Bí ẹ bá ṣí ẹran sílẹ̀, ẹ mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí ẹran pupa, ẹ mọ iṣan, ẹ sì mọ ibi tí omi tàbí ọyún bá kó sí. Iṣẹ́ tí MRI ń ṣe nìyẹn láìfi ọ̀bẹ kan ènìyàn. X-ray lásán ń rí eegun dáadáa, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, iṣan àti kókó tí ó wà nínú iṣan fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra.

KÍ LÓ MÚ ORÍ ÀTI ỌRÙN ṢÒRO?

Ẹ fọwọ́ kan ọrùn yín. Láàárín ibi tí àtẹ́lẹwọ́ bò yìí ni ọ̀nà oúnjẹ wà, àti ọ̀nà èémí, àti gògóńgò, àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ń lọ sí ọpọlọ, àti okun ìmọ̀lára tí ń gbé ohùn. Ọ̀rá ló wà láàárín gbogbo wọn. Lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ wà nínú imú, ó sì ṣeé ṣe kí mẹ́táálì wà ní eyín. Afẹ́fẹ́ àti mẹ́táálì a máa da iṣẹ́ òòfà rú. Ọrùn kò sì í sinmi: a ń mí, a ń gbé itọ́ mì. Bí aláìsàn bá gbé itọ́ mì nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán, àwòrán náà lè rí bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ pa á.

ÀWỌN Ọ̀NÀ NÁÀ ÀTI IṢẸ́ WỌN

Ìkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní T1. Nínú rẹ̀, ọ̀rá máa ń funfun, omi máa ń ṣú. Ó dára láti mọ ààlà ohun gbogbo. Mùdùnmúdùn inú eegun àgbàlagbà kún fún ọ̀rá, nítorí náà eegun àgbọ̀n àti ìsàlẹ̀ agbárí máa ń funfun nínú. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ inú eegun náà, ó máa dúdú láàárín funfun. T1 lásán, láìsí oògùn kankan, ló sábà máa ń fi èyí hàn jù.

Ìkejì ni T2. Nínú èyí, omi ló máa ń funfun. Àpò omi, ìwúlé, àti ọ̀pọ̀ kókó tí omi pọ̀ nínú wọn á yọ jáde. Ó máa ń ya kókó sọ́tọ̀ kúrò lára kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó dí ihò imú: omi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sábà máa ń tàn gan-an, kókó kì í sábà tàn tó o.

Ìkẹta ni oògùn gadolinium tí wọ́n ń gún sí iṣan ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ti ń lò fún aláìsàn láti 1988. Oògùn yìí máa ń mú kí ibi tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí nínú kókó funfun lórí T1. Ó wúlò púpọ̀ bí dókítà bá fẹ́ mọ̀ bóyá kókó ti ń gba ojú okun ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ.

Ìkẹrin ni pípa ọ̀rá rẹ́ nínú àwòrán. Ẹ rántí pé ọ̀rá funfun lórí T1, kókó tí ó ti mu oògùn náà sì funfun. Bí ènìyàn bá sín ẹfun sórí aṣọ funfun, ta ni yóò rí i? Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pa ọ̀rá rẹ́ kí kókó lè dá yọ. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ tí wọ́n ń gbà ṣe é, ibẹ̀ gan-an sì ni ìyàtọ̀ ti ń wáyé láàárín àwòrán kan àti èkejì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta yìí ń dá ohùn ọ̀rá mọ̀, ó sì ń pa á lẹ́nu mọ́. Ó yára, ó sì dára lẹ́yìn gadolinium, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ òòfà alágbára tí ó tẹ́jú. Ní ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká, àti nítòsí eyín onímẹ́táálì, ó lè pa apá kan rẹ́ kí ó fi apá kan sílẹ̀. Èkejì ni STIR, tí ó ń lo àkókò ìpadà ọ̀rá láti pa á rẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré, mẹ́táálì eyín kì í sì í dà á láàmú tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n a kì í lò ó lẹ́yìn gadolinium, nítorí ó lè pa kókó tí oògùn ti tàn rẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rá. Ẹ̀kẹta ni Dixon, tí ó jẹ́ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ jáde ní 1984. Ó ń ya omi sí apá kan àti ọ̀rá sí apá kan, ó ṣeé lò lẹ́yìn gadolinium, ọrùn tí kò tẹ́jú kì í sì í tètè bà á jẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ní Dixon, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ fún ọrùn.

Ìkarùn-ún ni àwòrán tí ń wo bí omi ti ń rìn nínú ẹran ara. Nínú àpò omi, omi ń rìn fàlàlà. Nínú jẹjẹrẹ tí ó ki, àti nínú ọyún tí ó nípọn, kò rí àyè rìn. Ó ń ran dókítà lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ohun tí ó kù lẹ́yìn ìtọ́jú jẹ́ àpá tàbí àìsàn tí ó padà wá. Oríṣi rẹ̀ tí ó yára máa ń wọ́ nítòsí afẹ́fẹ́ àti eyín. Oríṣi kejì pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí kan àwọn tí etí wọn ń ṣọyún láti kékeré. Nínú irú etí bẹ́ẹ̀, awọ lè hù sínú kí ó máa jẹ eegun etí. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tí wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti padà hù, oríṣi kejì yìí lè rí èyí tí kò ju mílímítà 3 lọ.

Ìkẹfà ni àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọkùnrin tí ń bàlágà bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú léraléra, tí ihò imú kan sì dí, kókó oníṣan-ẹ̀jẹ̀ lè wà lẹ́yìn imú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bù lára irú kókó bẹ́ẹ̀ kí ó tó rí àwòrán rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ṣòro dá dúró.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ẹni tí wọ́n ya T1 àti T2 lásán fún nígbà tí dókítà fẹ́ mọ ọ̀nà okun ìmọ̀lára, ó ti sanwó, kò sì rí èsì gbà. Ẹni tí wọ́n gún ní gadolinium fún àpò omi tí kò nílò rẹ̀, owó oògùn náà ti wọlẹ̀.

ǸJẸ́ GBOGBO KÓKÓ LÓ NÍLÒ MRI?

Rárá o. Gẹ̀gẹ̀ ọrùn, ultrasound tí àwọn aláboyún mọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, dókítà sì lè máa wò ó bí ó ti ń fi abẹ́rẹ́ bù lára kókó náà. Eegun àgbọ̀n tí ó wú, eegun inú etí, àti orí tí ó fara pa nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, ẹ̀rọ CT ló sábà máa ń yẹ wọ́n, nítorí ó rí eegun dáadáa, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń gbà. Ṣùgbọ́n ìtànṣán X-ray ni CT ń lò. MRI ló ń gba iwájú bí ó bá di ti ahọ́n, ti ẹ̀yìn imú, ti okun ìmọ̀lára ojú àti etí, àti ti kókó tí ó jinlẹ̀ níbi tí ṣegede máa ń wú sí. Nígbà mìíràn, CT àti MRI ni wọ́n jọ ń bèèrè, èyí kì í sì í ṣe jìbìtì: ọ̀kan fún eegun, ọ̀kan fún ẹran ara.

Kí a má gbàgbé pé àwòrán kì í sọ orúkọ àìsàn tán. Bí ó bá fura sí jẹjẹrẹ, wọ́n ṣì ní láti bù lára kókó náà lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sàn kí àwòrán ṣáájú bíbù, kí ẹ̀jẹ̀ àti ìwúlé má baà da àwòrán rú.

AGBÁRA Ẹ̀RỌ

Ìwádìí kan tí àwọn dókítà tí ń ka àwòrán tẹ̀ jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fún ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 370. Nàìjíríà ló ní jù nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ kéré. Ìdí rẹ̀ kò pamọ́. Òòfà alágbára ń fẹ́ helium olómi tí ó tutù dé ìwọ̀n -269 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi jẹnẹrétọ̀ ta ẹja dídì mọ ohun tí a ń wí. Èyí tí ó kéré lágbára lè máà nílò helium rárá.

Ẹ̀rọ kékeré kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú. Ó lè fi bí kókó ńlá ti tóbi tó hàn, ó sì lè lo STIR. Ṣùgbọ́n bí ohun tí dókítà ń wá bá tín-ín-rín bí okun ìmọ̀lára, tàbí bí ó bá ń fẹ́ àwòrán ìrìn omi tí ó dára, Tesla 1.5 sàn ju Tesla 0.3 lọ. Tesla 3 pẹ̀lú ní àléébù tirẹ̀: mẹ́táálì àti afẹ́fẹ́ ń dà á láàmú ju Tesla 1.5 lọ.

ÌKÌLỌ̀

Òòfà náà kì í sùn. Ní 2001, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé sílíńdà atẹ́gùn onírin wọ yàrá MRI. Òòfà fà á, ó sì pa ọmọ ọdún 6 kan tí ó wà nínú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹ bọ́ gbogbo irin: aago, yẹtí, abẹ́rẹ́ ìbòrí, abẹ́rẹ́ irun, eyín àtọwọ́dá, òǹdè tí mẹ́táálì wà nínú rẹ̀, fóònù àti káàdì báńkì. Ẹ fọ tìróò àti àtíkè ojú kúrò. Ẹ̀yin wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ wa, bí ẹ̀há irin bá ti wọ̀ yín lójú rí, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọlé, nítorí òòfà lè yí i nínú ojú. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí ọkàn rẹ̀, ẹni tí wọ́n fi irin de iṣan ọpọlọ rẹ̀, àti aláboyún gbọ́dọ̀ sọ fún wọn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un ní gadolinium. Láti 2006 ni wọ́n ti mọ̀ pé àwọn oríṣi kan lára oògùn yìí lè fa àìsàn tí ń mú awọ ara le fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ A BẸ̀ YÍN SÍ

Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó gba ẹ̀yáwó fún MRI, ẹ jẹ́ kí ó bi dókítà ní ìbéèrè márùn-ún yìí. Kí ni ẹ fẹ́ mọ̀ nínú àwòrán yìí? Ṣé MRI ló yẹ, àbí CT tàbí ultrasound lè dáhùn rẹ̀? Ṣé ẹ ó lo gadolinium, owó rẹ̀ sì wà nínú iye tí a máa san? Irú ẹ̀rọ wo ló tó fún un? Ta ni yóò ka àwòrán náà, ọjọ́ wo sì ni èsì á jáde?

Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ ó mú lọ. Ìwé tí ó sọ pé «MRI ọrùn» nìkan kò tó. Èyí tí ó sọ pé «kókó ẹ̀yìn imú, a fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wọ ìsàlẹ̀ agbárí» ni oníṣẹ́ lè fi yan ọ̀nà tí ó yẹ. Ẹ mú gbogbo àwòrán àtijọ́ dání. Ẹ gba àwòrán tuntun sórí CD, kí ẹ má gba ìwé èsì nìkan, kí ó má baà di pé ilé ìwòsàn mìíràn á ní kí ẹ tún un yà. Níhìn-ín ní Ìlọrin, UITH tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980 ní dókítà etí, imú àti ọ̀fun, ó sì ní dókítà tí ń ka àwòrán. Kí ẹ tó gba ọ̀nà Ìbàdàn tàbí Àbújá, ẹ kọ́kọ́ bèèrè níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wà nínú ètò adójútòfò ìlera, kí ó bèèrè ohun tí ètò náà yóò san.

Sí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó: a kò ní kí ẹ máa tú àṣírí àìsàn ẹnikẹ́ni, a kò sì ní kí ẹ fi ìbéèrè dá owó dúró. Ẹ kàn wò ó bóyá ìwé dókítà wà àti bóyá iye owó náà pé, kí owó sì jáde kíákíá. Ẹ̀yáwó kan tí ó pé sàn ju ẹ̀yáwó kékeré méjì tí kò dé ibi tí à ń lọ.

Sí gbogbo yín: kókó ọrùn tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ohùn tí ó há fún ọ̀sẹ̀ 3, egbò ẹnu tí kò san, imú tí ń ṣẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, etí kan tí kò gbọ́ràn mọ́, ẹ má fi agbo nìkan dá a dúró. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Bí a bá tètè rí dókítà, ultrasound lásán lè tó, owó ẹgbẹ́ á sì wà fún ọjà.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Owó tí a kó jọ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ojú ná an. Kí Ọlọ́run fún wa ní àlàáfíà, kí ó má fi àìsàn jẹ èrè wa.